Ara Yíyún Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀: Ìdí Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ọ̀bà-Ilé tí kò mọ yèrèpè. Bí ènìyàn bá ń ro oko tí ara rẹ̀ sì kan èso rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ tí ó wà lára èso náà yóò gún un, ara yóò sì máa yún un kíkankíkan. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ń ṣàìsùn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí yèrèpè. Olúkúlùkù mọ ibi tí yíyún náà ti wá. A ó bọ́ aṣọ, a ó fi omi ṣan ara, a ó fi òróró pa á, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò bá fi mọ́, a ti gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara yíyún mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. A máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì máa pẹ́ láti ìgbà ìkórè kan dé òmíràn. Ẹni tí ó ń ṣe ń họra ní oko, ó ń họra nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń họra ní òru títí ẹní rẹ̀ fi ní ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ó ra ọṣẹ kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ó ra ìpara mìíràn. Ẹnìkan sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní ọ̀tá ni ó fi nǹkan ṣe é. Owó kòkó ń tán lọ, ara kò sì yé yún. Àwọn tí ó máa ń jókòó tì í lórí àga bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò. Ọmọ rẹ̀ tí kò rí oorun sùn ní òru ń sùn ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ sì ń nà án nítorí ìmẹ́lẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ara yíyún kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Òjíṣẹ́ ni. Ohun kan ni ó rán an, àwọn tí ó sì lè rán an pọ̀. Ẹni tí ó bá ń ra oògùn láì mọ ẹni tí ó rán òjíṣẹ́ náà dàbí ẹni tí ń ju òkùta sínú òkùnkùn: bí ó bá bá ohun tí ó ń wá, orí ni ó ṣe é.

OHUN TÍ Ó MÚ KÍ ARA MÁA YÚN

Nínú awọ ara ni àwọn iṣan tín-ín-rín wà tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Bí kòkòrò bá gbẹ́ ihò sínú awọ, tàbí bí aràn bá ń rìn nínú rẹ̀, tàbí bí awọ bá gbẹ tí ó sì ń sán, àwọn iṣan wọ̀nyí yóò ránṣẹ́, ọpọlọ yóò sì pàṣẹ pé kí ọwọ́ họ ibẹ̀. Nígbà tí èékánná bá họ ọ́, ìrora díẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá yóò bo yíyún náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń dùn mọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n èékánná ti bó awọ. Awọ yóò wú, yóò nípọn, yóò sì tún máa yún ju ti àtijọ́ lọ. Ìdọ̀tí abẹ́ èékánná yóò gba ojú ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ yóò sì di egbò tí ó ní ọyún. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó wù kí ó fa yíyún, ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò ní kọ́bọ̀ kan nínú: kí a gé èékánná kúrú, pàápàá ti àwọn ọmọdé, kí a sì fi aṣọ tútù lé ibi tí ń yún dípò kí a máa họ ọ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí a tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí a jókòó ní ilé kí a dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí.

Èkíní: Ta ni ara tún ń yún nínú ilé? Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kòkòrò tí ń ràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Èkejì: Ibo ni ó ti ń yún? Àárín ìka ọwọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ kan. Ojúgun àti ìdí ń sọ òmíràn. Àmì róbótó kan ṣoṣo ń sọ ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta: Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà wo ni ó sì ń le jù? Ṣé òru ni? Ṣé lẹ́yìn ìwẹ̀ ni? Ṣé ìgbà ọyẹ́ ni? Ṣé lẹ́yìn tí a lo oògùn kan ni? Ǹjẹ́ ẹni náà ti dá oko sí etí odò tí ń ṣàn kíkankíkan rí?

Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọ̀nyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà fún un.

KÚRÚNÀ: ÀRÙN GBOGBO ILÉ

Bí ó bá jẹ́ pé òru ni ara ń yún jù, tí àwọn mìíràn nínú ilé náà sì ń họra, tí ìsú wẹ́wẹ́ sì wà ní àárín ìka ọwọ́, ní ọrùn ọwọ́, ní abíyá, ní ìdodo, ní ìbàdí, ní ìdí, ní abẹ́ ọmú obìnrin tàbí ní nǹkan ọkùnrin, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó jẹ́ kúrúnà. Kòkòrò kan ni ó ń fà á, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i dáadáa. Kò tó ìdajì mìlímítà. Abo rẹ̀ ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, tí ó sì ń yé ẹyin 2 tàbí 3 ní ojoojúmọ́ fún oṣù kan sí méjì. Ẹyin náà a máa pa láàárín ọjọ́ 3 sí 4.

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ kòkòrò yìí, ó sì pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi kọ̀ láti gbà. Ní ọdún 1687, dókítà kan ní Ítálì tí ń jẹ́ Bonomo, pẹ̀lú Cestoni tí ń po oògùn, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí 150 ọdún tí àwọn dókítà ṣì ń wí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ ni ó ń fa àrùn náà. Ní ọdún 1834, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Renucci, ọmọ erékùṣù Corsica, fi abẹ́rẹ́ yọ kòkòrò náà lára aláìsàn ní ìlú Paris ní ìṣojú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ibo ni ó ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ìlú rẹ̀ ni, tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọmọ wọn láti ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bíbàjẹ́ ti tán nínú ìwé àwọn dókítà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tí ì tán ní ẹnu àwọn tí ń ta àgbo ní ọjà.

Ara dé ara ni kúrúnà fi ń ràn: kí a sùn sórí ẹní kan náà, kí a gbé ọmọ mọ́ra, kí ọkọ àti aya jọ sùn. Kì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ẹni tí ń wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lè kó o. Nítorí náà kò yẹ kí a fi ṣe ẹnikẹ́ni yẹ̀yẹ́. Kúrúnà ajá àti ti ewúrẹ́ lè mú ara ẹni tí ń tọ́jú wọn yún fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tiwọn kì í lè bí sí i lára ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àkàwé. Àkọ́bí ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé ní Oǹdó dé fún ìsinmi, ara rẹ̀ sì ń yún. Ìyá rẹ̀ ra ìpara, ó fi pa á, ara ọmọ náà sì balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó sì ra òmíràn tí ó wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣe ìpara àkọ́kọ́. Ìyá àgbà, tí ọmọ náà ń sùn tì, ni kòkòrò ti lọ bá, kòkòrò sì tún padà láti ara ìyá àgbà wá bá ọmọ. Bí aya ọmọ rẹ̀ bá sì wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á fi pa ara tiyín náà,” ìyá àgbà lè dáhùn pé, “Ìyàwó mi, ara kò yún mi o.” Òtítọ́ ni ó sọ, síbẹ̀ kòkòrò lè wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní kúrúnà rí lè gbé kòkòrò náà fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó sì lè máa ràn án ká ní gbogbo àkókò yìí.

Ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ nìyí:

1. Kí a tọ́jú gbogbo ẹni tí ń sùn nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí kò yún. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

2. Ìpara permethrin ni ó dára jù bí a bá rí i. Kí a fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí a má fo ibì kankan, àárín ìka, abẹ́ èékánná àti ojú ara pẹ̀lú; kí ó wà lára láti alẹ́ di òwúrọ̀, ó kéré tán wákàtí 8, kí a tó wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹyin tí ó lè kù. Benzyl benzoate àti ìpara tí a fi imí ọjọ́ ṣe náà ń pa kòkòrò yìí. Ní ti ọmọdé àti ọmọ ọwọ́, kí a béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí a ó ti lò ó.

3. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí a wọ̀, aṣọ ìbora àti aṣọ orí ibùsùn, kí a sì sá wọn sínú oòrùn gbígbóná. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, kí a dì í sínú ọ̀rá fún ọjọ́ 7. Bí kòkòrò náà bá kúrò lára ènìyàn, kì í sábà yè ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ.

4. Kí a mú sùúrù. Ara lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí gbogbo kòkòrò ti kú, nítorí òkú wọn àti ìgbẹ́ wọn ṣì wà nínú awọ. Ẹni tí ó bá ń pa ìpara náà lójoojúmọ́ nítorí èyí ń bó ara rẹ̀ lásán ni. Bí ìsú titun bá jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, nígbà náà ni kí a padà lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo kúrúnà ọmọdé. Egbò tí ó bá ti ara họ́họ́ wá lè gba kòkòrò àrùn mìíràn wọlé, èyí tí ó lè dé kíndìnrín. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ka kúrúnà mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì ní ọdún 2017.

ÌNÁRUN: YÍYÚN TÍ Ó TI ETÍ ODÒ WÁ

Yíyún kejì kò kan ẹní tí a jọ sùn sí; oko ni ó ti ń bá ni wálé. Ní ọdún 1875, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ John O'Neill wà ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ó rí àwọn tí ara ń yún tí ìtọ́jú kúrúnà kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó gé awọ wọn bín-íntín, ó fi í sínú omi, ó sì fi awò wò ó: àwọn aràn tín-ín-rín ni ó rí tí wọ́n ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì. Ní ọdún 1926, Blacklock ṣe àwárí rẹ̀ ní Sierra Leone pé kòkòrò dúdú kan tí ń fò, tí ó sì ń jẹni ní etí odò, ni ó ń gbé aràn náà láti ara ẹnìkan lọ sí ara ẹlòmíràn.

Àwọn ará oko ń pe kòkòrò yìí ní amùkúrù. Ó kéré, ó dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ta bọ́lọ́ bí iké. Ọ̀sán ni ó ń jẹni, kì í ṣe òru, nítorí náà àpò ẹ̀fọn kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í yé ẹyin sínú omi ìdákẹ́ bí ẹ̀fọn. Omi tí ń sáré lórí òkúta ni ó fẹ́. Ẹni tí oko rẹ̀ bá súnmọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ewu jù, bí kòkòrò náà tilẹ̀ lè fò jìnnà díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí odò púpọ̀ là kọjá, wà lára àwọn ibi tí a ti rí àrùn yìí ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Àwọn àgbà aràn náà ń gbé nínú kókó tí ó wà lábẹ́ awọ, ní ìbàdí, ní ẹ̀gbẹ́, tàbí ní orí. Kókó náà kì í dun ni, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Abo aràn lè gùn tó ìdajì mítà, ó sì lè wà láàyè fún ọdún 10 sí 15, tí yóò máa bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ aràn wọ̀nyí ni ń rìn káàkiri inú awọ. Nígbà tí wọ́n bá sì kú níbẹ̀ ni ara ń yún jù. Bí ọdún ti ń yí lu ọdún, awọ ìdí àti ti itan yóò nípọn, yóò hunjọ bí ti arúgbó. Awọ ojúgun yóò ní àbàwọ́n funfun bí awọ ẹkùn. Bí àwọn ọmọ aràn náà bá dé ojú, wọn yóò bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ojú yóò fi fọ́. Ẹni tí ó rò pé yíyún lásán ni òun ń họ ń họ àmì ìfọ́jú láì mọ̀.

Oògùn àrùn yìí ni ivermectin, tí a ń pè ní Mectizan. Láti inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí ohun alààyè wẹ́wẹ́ tí ń pèsè rẹ̀. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di oògùn, èyí tí a kọ́kọ́ lò fún ẹran ọ̀sìn. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí láti máa fi í tọrẹ fún ìtọ́jú àrùn yìí níye ìgbà tí ó bá yẹ. Ní ọdún 2015 a fún àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ní ẹ̀bùn Nobel. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó san owó fún oògùn náà níbi tí a bá ti ń pín in. Ará ìlú fúnra wọn ni ń yan àwọn tí yóò pín in, ọ̀pá ìwọ̀n ni a sì fi ń mọ gíga ẹni kí a tó mọ iye hóró tí yóò gbé mì.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ń pa àwọn ọmọ aràn, ó sì ń dá ìbí wọn dúró fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa àgbà aràn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbé e mì ní ọdọọdún, fún ọdún púpọ̀, títí àgbà aràn yóò fi gbó kú. Ẹni tí ó gbà á lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dúró dàbí ẹni tí ó gé èpò láì fa gbòǹgbò. Èkejì, ara lè yún sí i, ojú tàbí ẹsẹ̀ sì lè wú fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a lò ó. Aràn tí ń kú ni, kì í ṣe májèlé. Ẹ̀kẹta, a kì í fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, tàbí aboyún, tàbí ẹni tí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tàbí ẹni tí àìsàn líle dá dúbúlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí aràn tí ń rìn kọjá nínú ẹyinjú rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ sọ fún olùpín oògùn kí ó tó gbà á, nítorí irú aràn bẹ́ẹ̀ lè mú kí oògùn náà ṣe é ní jàǹbá. Ẹ̀kẹrin, kí àgbẹ̀ kankan má ṣe mu ivermectin tí a ṣe fún màlúù tàbí ewúrẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti ènìyàn.

LÀPÁLÀPÁ

Bí yíyún bá wà lójú kan, tí ibẹ̀ rí róbótó, tí etí rẹ̀ ga díẹ̀ tí ó sì ń pa èèpá, tí àárín rẹ̀ sì ń mọ́, làpálàpá ni. Ohun tí ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tí ń hù sára àgbàdo tí a kò sá gbẹ: ó fẹ́ràn ibi tí ó tutù tí ó sì gbóná, bí abẹ́ ìgbànú àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ìpara clotrimazole tàbí ti Whitfield ń wò ó. Kí a máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ ti mọ́, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa kù. Àwọn àgbà ti ń fi ewé àsùnwọ̀n òyìnbó pa á tipẹ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti rí i pé ewé náà ní agbára lórí rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n làpálàpá orí ọmọdé kò gbọ́ ti ìpara. Oògùn gbígbémì láti ilé ìwòsàn ni ó ń wò ó.

YÍYÚN TÍ KÒ NÍ KÒKÒRÒ NÍNÚ

Nígbà ọyẹ́, awọ a máa gbẹ, pàápàá ti àwọn àgbàlagbà, a sì máa yún láì sí ìsú kankan. Ẹni tí èyí ń ṣe a máa rò pé òun kò mọ́ tó. A fi kànrìnkàn líle àti omi gbígbóná bó ara rẹ̀, yóò sì burú sí i. Kí ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ó dín ọṣẹ kù, kí ó sì fi òrí, àdín àgbọn tàbí vaseline pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán.

Oògùn náà lè mú ara yún. Ẹnikẹ́ni tí ó ti dàgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá rántí chloroquine, oògùn ibà tí ń mú kí ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa yún fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, láì sí ìsú kankan lára wọn. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ̀wé púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń sá fún oògùn nítorí rẹ̀, ibà sì ń ba ara wọn jẹ́. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ìtọ́jú ibà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣì wúlò: bí ara bá yún lẹ́yìn oògùn kan, kí a sọ fún ẹni tí ó fún wa, kí a má dákẹ́, kí a má sì dá a dúró fúnra wa.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

A kò gbọdọ̀ fi epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, omi bátìrì tàbí oògùn apakòkòrò inú oko kòkó pa ara. Awọ a máa mu májèlé.

A kò gbọdọ̀ fi ìpara abóra tàbí ìpara tí a po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀ wo yíyún tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oògùn steroid nínú. Wọn a mú kí ara rọlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹni náà yóò sì máa yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n làpálàpá yóò máa tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, awọ yóò sì fẹ́lẹ́ títí yóò fi máa ya.

A kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ara ń yún kúrò láàárín ènìyàn. Ìnárun kì í ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Amùkúrù nìkan ni ó ń gbé e. Kúrúnà ń ràn, ṣùgbọ́n alẹ́ méjì péré ni ìtọ́jú rẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ FI FALẸ̀

Àwọn wọ̀nyí ni kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn: aboyún tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún ní àwọn oṣù ìkẹyìn láì sí ìsú, nítorí ewu lè wà fún ọmọ inú rẹ̀, ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹni tí ń rù, tàbí tí ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, nítorí àtọ̀gbẹ, àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti kíndìnrín a máa fi ara yíyún hàn, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú pẹ̀lú yíyún, àti ọmọ tí egbò rẹ̀ ní ọyún tí ara rẹ̀ sì gbóná. Bí àbàwọ́n bá wà lára tí kò yún rárá, tí a sì gún un tí ẹni náà kò mọ̀ ọ́n lára, kí ó tètè lọ pẹ̀lú, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ní oògùn tí a ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń san pátápátá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba ìbílẹ̀ lè tọ́jú kúrúnà àti làpálàpá. Èyí tí ó bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó tàbí ní Ọ̀wọ̀.

Kí ẹni tí ń lọ má ṣe pa ara rẹ̀ ní òróró ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí dókítà lè rí awọ bí ó ti rí. Kí ó kó gbogbo ọṣẹ àti ìpara tí ó ti lò dání, àní èyí tí ó ń tijú rẹ̀. Kí ó sì mú ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà lọ: ta ni ó tún ń yún, ibo ni ó ti ń yún, nígbà wo ni ó sì ń yún jù. Ìdáhùn wọ̀nyí kò ná an ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó kòkó ọdún kan là, wọ́n sì lè gba ojú rẹ̀ là pẹ̀lú.